Olùkọ́ Òfin Omi Ìdọ̀tí

Létí páìpù tí omi ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ aláró ń gbà jáde, ẹnjinnía àgbà bu omi náà sínú ìgò, ó dé ààbọ̀. Ó ṣí omi ẹ̀rọ, ó fi omi mímọ́ kún un, ó sì gbé e fún obìnrin aṣàyẹ̀wò tí ìjọba rán wá, tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Kí lẹ ṣe yẹn?"

"Ohun tí òfin tuntun wí ni, mà. Ààbọ̀ ìdọ̀tí, ààbọ̀ omi mímọ́. Olùkọ́ tí ẹ rán sí wa ló kọ́ wa."

"A ò tíì rán olùkọ́ kankan síbì kankan. Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ ṣe báyìí lánàá, ti aláwọ náà ṣe é. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mú olùkọ́ wá."

Ẹnjinnía ló mú un wá lóòótọ́! Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni, ọmọ ìyá kan náà, tí gbogbo wọn ń pè ní Tíṣà. Ẹnjinnía ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ polówó fún àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn pé àna òun mọ òfin yìí bí ẹni mowó. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

"Tí a ò bá rí i mú," ni aṣàyẹ̀wò wí, "ẹ̀yin la máa gbé lọ sílé ẹjọ́."

Ó ti ilé-iṣẹ́ pa, ó sì pe ọlọ́pàá.

Ẹnjinnía mú aṣàyẹ̀wò àti ọlọ́pàá lọ, wọ́n sì bá Tíṣà ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì, ó ń kọ́ àwọn ẹnjinnía mìíràn. Bó ti fojú kan ọlọ́pàá, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀," ó sì gba ilé ìdáná bẹ́ jáde. Wọ́n lé e dé ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Kóòtù rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́pàá, òun fúnra rẹ̀ bọ́ lọ.

Ọlọ́pàá gbá ẹnjinnía mú lọ́rùn aṣọ. "Níbo lo ní kó sá lọ?"

"Èmi kẹ̀? Ẹni tó bà mí lórúkọ jẹ́?"

Fóònù ẹnjinnía dún. Ìyàwó rẹ̀ ló pè é.

"Tíṣà wà nílé wa, ó ní ọlọ́pàá ń lé òun. Ó ní kí n fún òun ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, kí n má sọ fún yín. Mo ti ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ ọn. Ẹ tètè máa bọ̀."

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Tíṣà ń fi àga lu irin ojú fèrèsé. Wọ́n wọ́ ọ jáde.

"Ta ló ní o máa kọ́ni?" aṣàyẹ̀wò bi í.

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Òfin tuntun dé, ẹ̀rù ń ba àwọn ilé-iṣẹ́, mo sì ráyè jẹ. Tí wọ́n bá bu omi là á, ìdọ̀tí ò ní fi bẹ́ẹ̀ hàn, inú wọn á sì dùn sí mi."

"Àna rẹ ńkọ́? Ó mọ̀ sí i?"

Ó wo ẹnjinnía, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n kẹ̀? Wọn ò mọ nǹkan kan. Ìdí tí mo fi lò wọ́n nìyẹn. Gbogbo ayé mọ̀ pé wọn kì í purọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dá ẹnjinnía láre, ó sì dùn ún wọra. Bí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Tíṣà lọ́wọ́, ó ké sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀: "Àǹtí, èmi lẹ ṣe báyìí sí?" Obìnrin náà ń sunkún.

Aṣàyẹ̀wò ní kí wọ́n kó gbogbo ẹnjinnía jọ, òun fúnra òun ni yóò kọ́ wọn, ilé-iṣẹ́ á sì ṣí. Ẹnjinnía mí kanlẹ̀. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ, ó ròyìn fún un.

"Ta ni olùkọ́ lọ́tẹ̀ yìí?" ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ béèrè.

"Aṣàyẹ̀wò gan-an ni. Mo fi ọmọ mi búra."

"Gbé fóònù fún un," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Ẹnu tirẹ̀ ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ."