Ògiri Tó Mu Omi

"Ṣé bàbá ẹ ló ni ihò yìí ni?" Kai bi Lanzhi. Àwọn ọmọ kíláàsì wọn tó kù bú sẹ́rìn-ín.

 Lanzhi dúró gbagidi sí ojú ọ̀nà nísàlẹ̀ ilẹ̀, ó di ọ̀pá irin mú. Ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló rán wọn wá síbi tí wọ́n ti ń wa góòlù yìí ní Shandong, òun nìkan ni wọ́n sì ṣèlérí iṣẹ́ fún. Kó ṣáà ti panu mọ́.

Bí wọ́n bá wa góòlù inú yàrá kan nínú àpáta tán, wọ́n á po iyanrìn lúbúlúbú mọ́ sìmẹ́ǹtì, wọ́n á fi páìpù dà á síbẹ̀ kí yàrá náà má baà wó. Tó bá ti gan bí ògiri, àwọn awakùsà á máa gbẹ́ àpáta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Lanzhi rí i pé omi tí wọ́n fi fọ páìpù, inú yàrá tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lónìí ni wọ́n jẹ́ kó ṣàn sí dípò kòtò ìdaminù; ìdí nìyẹn tó fi dí ọ̀nà.

Ọ̀gá Luan tó ń darí wọn dé, ojú rẹ̀ le. "Ọmọ yìí, bíríkì tí a mọ láti ara àpòpọ̀ yìí le koko nígbà tí a fi ẹ̀rọ dán an wò. Kí lo tún ń wá?"

"Bíríkì yẹn ò mu omi páìpù, ọ̀gá. Ògiri yìí ló mu ún."

"O fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́, àbí? Yà lọ́nà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbàgbé iṣẹ́ tí mo ṣèlérí."

"Mo ti gbàgbé ẹ̀. N ò yà."

 Ìyá Lanzhi ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun ti ríṣẹ́. Ṣùgbọ́n Kai tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ yìí gan-an ni yóò kọ́kọ́ wọ ẹ̀gbẹ́ ògiri náà.

"Kai, máa wò ó," ló wí, ó sì ki ọ̀pá náà bọ àárín pákó tí wọ́n fi sé ẹnu yàrá náà. Ọ̀pá náà wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ki ṣíbí bọ tófù, wàrà ẹ̀wà sóyà rírọ̀. Bó ṣe fà á yọ, omi ẹrẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn. Kai rọra fẹ̀yìn rìn.

"Ta ló ní kí wọ́n da omi síbẹ̀?" Luan béèrè.

"Ẹ̀yin ni, ọ̀gá. Ẹ ní kí iṣẹ́ yá," Lanzhi wí.

Wọ́n pa ibẹ̀ tì. Wọ́n fa omi rẹ̀, wọ́n tún òmíràn pò: omi dín, sìmẹ́ǹtì pọ̀ sí i, wọ́n gé okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn kó lè dira mú, wọ́n sì darí omi páìpù gba kòtò. Ìdádúró yẹn mú kí gbogbo òṣìṣẹ́ pàdánù owó àjẹmọ́nú ọdún, àwọn kan ò sì bá Lanzhi jókòó jẹun mọ́. Luan gbé iṣẹ́ tó ṣèlérí fún un fún ẹlòmíràn.

Nílé, ìyá Lanzhi sunkún. "Kí ló dé tí o ò kàn lè dákẹ́?"

"Mọ́mì, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọn ò gba Kai lọ́wọ́ ìyá ẹ̀."

 Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá rí ewu, ẹ sọ ọ́ síta, kódà bí ọ̀gá ń bínú. Èyí tó bá dákẹ́ nínú yín nítorí iṣẹ́, kó múra àtiwo ojú ìyá ẹni tó kú.