Fídíò Tó Yára Ju Ọwọ́ Aránṣọ Lọ

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe àlá, kì í ṣe àhesọ. Àwọn tó wo fídíò náà wà láyé, ojú wọn kò sì fọ́. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ bá wọn jà, kó fi tèmi sílẹ̀.

Ìbínú ni aránṣọ bá jí lọ́jọ́ náà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló fà á. Òpópónà kejì ni ìyá náà ń gbé, kò sì sí ọjọ́ tí kì í yà wò wọ́n. Lówùúrọ̀ yẹn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò tilẹ̀ jókòó.

"Ìyàwó, mo ti wí i, mi ò ní tún un wí mọ́. Bí nǹkan bá ṣe ọmọ yìí níbi tí o ti ń bá láptọ́ọ̀pù sọ̀rọ̀, màá wá gbé e. Ọ̀dọ̀ mi ni yóò dàgbà sí."

"Ẹ̀yin náà ránṣọ tọ́mọ, mà."

"Mo ránṣọ. Ẹ̀yìn mi lọmọ wà, mo sì ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ìwọ, àwọn tí o kò rí lo kọjú sí. Ẹ̀yìn lo kọ sí ọmọ."

Aránṣọ kọjú sí tábìlì rẹ̀. Ó mú ìdì òwú, ó ń gé e wẹ́wẹ́ sílẹ̀, títí ìyá fi lọ.

Ọmọ ọ̀hún, Kékeré ni wọ́n ń pè é, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di nǹkan mú dìde ni. Ohunkóhun tó bá gùn tó sì rí bí okùn, tirẹ̀ ni. Ó ti fa okùn bàtà bàbá rẹ̀ já. Ó ti jẹ okùn aṣọ fèrèsé.

Iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ ń ṣe nìyí: ó ń kọ́ àwọn obìnrin ní aṣọ rírán lórí láìfù, ìyẹn fídíò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń wò lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á jókòó sílé wọn, kálukú pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀. Ohun tó bá rán níwájú láptọ́ọ̀pù, òun ni wọ́n á rán. Ó máa ń gbé fóònù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, kó lè rí ohun tí wọ́n ń rí.

Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù náà ti ya ọ̀lẹ. Á máa mí gùlegùle bí ajá tó sáré dé. Àwòrán á dì gbagidi. Ẹnu aránṣọ á là sílẹ̀ lójú gbogbo ayé, ohùn rẹ̀ á máa bọ̀ lẹ́yìn bí ẹni tó ń tiro.

"Àǹtí, ẹ ti di ère o," ni akẹ́kọ̀ọ́ kan á kọ.

"Àǹtí, ẹ pa ẹnu dé, eṣinṣin á wọ̀ ọ́," ni òmíràn á kọ.

Ẹ̀kọ́ apá aṣọ ló kàn lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ti rán apá aṣọ rí mọ̀. Bí àwòrán bá dì níbi tí èjìká ti ń yípo, gbogbo kíláàsì á rán apá òsì mọ́ ọ̀tún.

Ó ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. "Ẹ-má-dààmú" ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ má dààmú, àǹtí."

"Mo ti dààmú tán. Tún un ṣe."

Ó ṣí i. Ó mi orí. "Háà! Ẹ ṣí tibí, ẹ ṣí tọ̀hún, ẹ ò ti ìkankan. Gbogbo wọn ló ń jẹun nínú abọ́ kan náà. Báwo ni láìfù ṣe máa yó?"

"Ṣé mo pè ọ́ wá bú mi ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti gbogbo ètò tó ṣí sílẹ̀ tí kò wúlò. Ó pa àwọn tó ti gbó rẹ́. Ó tú ikùn láptọ́ọ̀pù, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku ara fáànù rẹ̀, eruku ọ̀hún nípọn bí òwú tìmùtìmù. Ó pa tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, ó ní tẹlifíṣọ̀n náà ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì mu. Ó dín bí àwòrán ṣe tóbi kù. Lẹ́yìn náà ló fa wáyà dúdú gígùn kan jáde nínú báàgì.

"Inú afẹ́fẹ́ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ń gbà bọ̀ láti pálọ̀, ògiri sì ń dá a dúró. Ẹ jẹ́ ká fi wáyà so ó mọ́lẹ̀. Kò ní lè sá mọ́."

Ó fa wáyà náà láti ara ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní pálọ̀, ó gba ẹnu ilẹ̀kùn, ó kọjá lẹ́yìn àga, ó gba abẹ́ àpótí tí wọ́n ń gbé áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ lé, ó sì ki í bọ láptọ́ọ̀pù.

"Ilẹ̀ ni wáyà yìí máa wà? Ọmọ ń rá kiri níbí."

"Kí bàbá ọmọ kàn án mọ́ ògiri. Ẹ má dààmú."

Wọ́n dán an wò. Tẹ́lẹ̀, bí aránṣọ bá gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ inú fóònù á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dìde bí àgbàlagbà tí a jí lójú oorun. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ méjèèjì dìde pọ̀. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Ẹ-má-dààmú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sábẹ́ tábìlì láti kó irin iṣẹ́ rẹ̀. Nínú fóònù, ó ń dìde, orí rẹ̀ gbá etí tábìlì.

"Pẹ̀lẹ́ o!" ni aránṣọ wí.

"Pẹ̀lẹ́ kí ni?" ni ó dáhùn láti abẹ́ tábìlì.

Ó dìde. Orí rẹ̀ gbá etí tábìlì.

Ó fọwọ́ pa orí. Ó wo fóònù. Ó wo aránṣọ.

"Ó yára," ni ó wí jẹ́jẹ́.

Ó kó báàgì rẹ̀, ó lọ. Kò sọ pé kó má dààmú.

Aránṣọ ní ojú òun ló tan òun jẹ. Ẹni tó ń bínú kì í ríran dáadáa. Ó pe ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì.

"Bàbá Kékeré, wáyà wà nílẹ̀. Ẹ wá bá mi kàn án."

"Búrẹ́dì wà nínú iná. Nírọ̀lẹ́."

"Ìrọ̀lẹ́! Ilẹ̀kùn tó ń dún, ìrọ̀lẹ́. Fèrèsé tó já, ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀ ò ní ṣú tán nílé yìí ni?"

"Ṣé èmi lo fẹ́ bá jà ni àbí ìyá mi?"

Aránṣọ pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.

Kékeré ti sùn. Ìyá rẹ̀ tẹ́ ẹ sórí ẹní lẹ́yìn àga, níbi tó ti lè nawọ́ kàn án. Ó gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná sórí àpótí lẹ́yìn níbẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe, kó má baà dí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú. Apá aṣọ kò ṣeé rán láìlọ̀ ọ́ kó tó di rírán.

Òjò ṣú lọ́sàn-án gangan. Kò rọ̀. Yàrá ṣókùnkùn díẹ̀. Láptọ́ọ̀pù kò mí mọ́. Ó dákẹ́ bí ẹni tó ń tẹ́tí.

Láìfù bẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá ọkọ rẹ̀ náà wọlé sórí láìfù láti ilé tirẹ̀. Kì í kọ nǹkan kan. Ó kàn máa ń wo láìfù bí ẹni ń ṣọ́ olè ni.

"Àǹtí, ẹ mọ́ kedere lónìí o!"

"Ẹ̀yin náà lẹ rí i," ni aránṣọ wí. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Ẹ mú apá aṣọ yín. Ẹ wá àárín rẹ̀. Ẹ fi pín-ìnnì gún un mọ́ èjìká."

Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Òwú yín já, àǹtí."

Ó wo abẹ́rẹ́. Òwú kò já.

"Ta ló ń fi mí ṣeré? Ara ti ń kan mí tẹ́lẹ̀ lónìí o."

Ó fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Ó rán díẹ̀. Òwú já.

Ó wo fóònù. Obìnrin inú fóònù ti ki òwú bọ abẹ́rẹ́ tán, ó ń rán lọ. Aránṣọ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Orí itan rẹ̀ ni ọwọ́ náà wà, kò ṣe nǹkan kan.

Nígbà náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ sí i, lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà lọ́pọ̀.

"Àǹtí, ọmọ ti jí."

"Ẹ wo wáyà yẹn o."

"Ẹ wẹ̀yìn."

"Àǹtí! Áyọ́ọ̀nù!"

Nínú fóònù, lẹ́yìn obìnrin tó ń ránṣọ, Kékeré ti dìde. Ó di wáyà dúdú mú. Ó fà á. Àpótí fì. Áyọ́ọ̀nù yí ṣubú. Ọwọ́ kékeré kan nà sí i.

Obìnrin inú fóònù kò wẹ̀yìn. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń rán lọ.

Aránṣọ yí padà. Kékeré sùn sórí ẹní, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Áyọ́ọ̀nù wà lórí àpótí.

Ọmọ náà la ojú. Ó jókòó. Ó nawọ́ sí wáyà.

Bí aránṣọ ṣe fò dé ibẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ. Ó ti gbé ọmọ. Ó ti yọ áyọ́ọ̀nù lára iná, ó ti jù ú gba ojú fèrèsé sẹ́yìnkùlé. Ó já wáyà dúdú. Ó ti láptọ́ọ̀pù pa, ó gbá a mọ́lẹ̀ bí ẹni pa aáyán. Ó sáré jáde sí pálọ̀, ọmọ láyà, ó di ilẹ̀kùn mọ́ yàrá náà.

Ó fara ti ilẹ̀kùn náà.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, nínú fóònù tó gbàgbé síbẹ̀, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́. Ohùn olùkọ́.

"Ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ má kánjú."

Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ sì ń lọ.

Ìyá ọkọ rẹ̀ dé pẹ̀lú òjò. Kò ní gèlè lórí. Ó di fóònù mú lọ́wọ́ kan, ó di ìpara egbò iná mú lọ́wọ́ kejì. Kò kí. Ó já ọmọ gbà.

"Mú un wá! Ìkà obìnrin! Ọwọ́ wo ni iná jó?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe é, mà."

"Dákẹ́! Mo rí i!"

Ó tú ọwọ́ ọ̀tún. Ó tú ọwọ́ òsì. Ó wo ìka kọ̀ọ̀kan. Kékeré ń fa ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá wo ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Omi ojú rẹ̀ ń dà.

"Mo gbọ́ igbe rẹ̀," ni ó wí.

"Kò ké, mà."

"Mo gbọ́ igbe ọmọ ọmọ mi! Gbogbo wa la gbọ́ ọ. À ń kọ ọ́ sí ọ, à ń kọ ọ́ sí ọ. Kí ló dé tí o kò wẹ̀yìn?"

"Mo wẹ̀yìn, mà! Ẹ wo ọmọ lọ́wọ́ yín! Ta ló gbé e bí kì í bá ṣe èmi?"

"O rẹ́rìn-ín sí wa. O ní, 'Ẹ jẹ́ kó sunkún, ẹ jẹ́ ká parí apá yìí ná.'"

Orí aránṣọ gbóná. Gbogbo ìbínú ọjọ́ náà kó wọ ọwọ́ rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá. Láptọ́ọ̀pù yẹn ni yóò fọ́. Yóò fọ́ ọ títí yóò fi di ìyẹ̀fun.

Yàrá dákẹ́. Fóònù rẹ̀ ti kú. Wáyà dúdú wà nílẹ̀ bó ṣe já a. Láptọ́ọ̀pù wà ní títì. Ẹ̀yìnkùlé ni áyọ́ọ̀nù wà, òjò ń pa á.

Aṣọ náà wà lábẹ́ ẹ̀rọ. Pín-ìnnì ni ó fi gún apá rẹ̀ mọ́ èjìká, kó tó dìde. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú. Báyìí, kò sí pín-ìnnì lára rẹ̀. Apá náà ti di rírán tán. Ó yípo èjìká láìsí ìwọ́jọ kankan, ó dára ju èyí tí òun rán rí lọ. Wọ́n ti lọ̀ ọ́.

Ó fi ọwọ́ kàn án.

Ó ṣì gbóná.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó rí aṣọ náà. Ó rí ọwọ́ ìyàwó tó fà sẹ́yìn. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Mo wá gbé e lọ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o dúró yìí, o kò ṣẹ̀ mí. Mi ò lè gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣẹ̀." Ó gbá Kékeré mọ́ àyà. "Sọ fún mi, ìyàwó. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni kí n gbé e fún?"

Aránṣọ la ẹnu láti fèsì.

Kó tó fọhùn, fóònù tó wà lọ́wọ́ ìyá, tí ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn, dáhùn. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni.

"Ẹ gbé e fún mi, mà."

Aránṣọ pa ẹnu dé. Ohun tó fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí ọmọ rẹ̀. Ìyá wo ọwọ́ náà, kò mira.