Ẹni Tó Wà Lábẹ́ Gìgísẹ̀ Suwen

Gìgísẹ̀ Suwen kò kan ilẹ̀ mọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa, síbẹ̀ nǹkan kan wà lábẹ́ rẹ̀. Ó tutù, ó sì rọ̀ bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọdé. Bí ọmọbìnrin náà bá dìde, tó gbára lé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó fi ń rìn, tó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ bí ẹni tó ń yọ́ wọ ilé onílé, nǹkan ọ̀hún á rọra gbé e láti ìsàlẹ̀.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò sọ fún? Òun náà ló kúkú ní òun fẹ́ ga. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tó fẹ́ bá ṣiṣẹ́ ti mú un dúró ti ògiri, wọ́n wọ̀n ọ́n. Wọ́n ní ó rẹwà, ó gbédè, àmọ́ orí rẹ̀ kò dé ojú ìlà. Ló bá wọ ọkọ̀ ojú irin, ó di ìlú Shenyang. Nílé ìwòsàn kan níbẹ̀, wọ́n ṣẹ́ egungun ojúgun rẹ̀ méjèèjì, wọ́n fi irin yí wọn ká, wọ́n sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa yí nọ́ọ̀tì ara irin náà díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kí egungun lè máa gùn. Egungun ń gùn lóòótọ́. Iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ló kọ̀ tí kò bá a gùn. Bí okùn kúkúrú tí wọ́n so mọ́ òpó tó ń ga, ńṣe ló fa gìgísẹ̀ sókè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lẹ́yìn tó padà sílé, tí yìnyín ń bọ́ níta, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, Ìyá Àgbà Pang, ń ṣe jiaozi, oúnjẹ oníyẹ̀fun tí wọ́n ń fi ẹran sínú rẹ̀, nílé ìdáná. Ìyẹ̀fun ti dà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Suwen gba orí rẹ̀ kọjá lọ bu omi gbígbóná. Lójijì, igi tí ìyá fi ń tẹ́ ìyẹ̀fun pípò dákẹ́.

"Suwen, má mira."

"Kí ló dé, Ìyá Àgbà?"

"Wo ẹ̀yìn rẹ."

Ó bojú wẹ̀yìn. Ojú ọmọ ìka ẹsẹ̀ tirẹ̀ hàn nínú ìyẹ̀fun. Lẹ́yìn wọn, níbi tí kò yẹ kí nǹkan kan wà, ojú ẹsẹ̀ kékeré wà níbẹ̀, odindi, tìka-tìka, kò ju ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ lọ.

Tọmọdé tàgbà ìlú wọn ló mọ̀ ọ́n: ẹni tí gìgísẹ̀ rẹ̀ kò bá kanlẹ̀, òkú ti ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Suwen ń retí kí ìyá figbe ta, kó fa ìgbálẹ̀ yọ. Ẹ̀rín ni ìyá bú sí. Omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Yunque! Ọmọ mi, o ti mọ ẹsẹ̀ tẹ̀!"

"Ta ní ń jẹ́ Yunque?"

Ìyá fi ọwọ́ oníyẹ̀fun nu ojú, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Ibà ló pa á kí wọ́n tó bí ọ. Ìyá rẹ ní a ò gbọdọ̀ dárúkọ ẹ̀ nílé yìí. Kò rìn rí, ìrákòrò ló ń rá lọ." Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé jiaozi kan kalẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ Suwen. "Jẹun, jàre. Rọra o, ó gbóná."

Lọ́jọ́ kejì, Suwen padà sí ilé ìwòsàn, Ìyá Àgbà sì tẹ̀ lé e.

Dókítà Miao tó fi irin sí i lẹ́sẹ̀, obìnrin tí kì í dọ́gbọ́n sọ̀rọ̀, tẹ iṣan náà wò. "Ọ̀nà méjì ló wà. O lè dáwọ́ nọ́ọ̀tì yíyí dúró, ká máa na ẹsẹ̀ náà títí iṣan á fi dẹ̀, àmọ́ ibi tó o ga dé nìyẹn. Tàbí kí n fi abẹ sí iṣan náà kó lè gùn. Gìgísẹ̀ rẹ á balẹ̀, wàá sì máa ga lọ."

"Ewu ẹ̀ ńkọ́, Dókítà?"

"Iṣan tí abẹ bá kàn lè dẹ̀ jù. Bó bá dẹ̀ jù, kò ní lágbára tí yóò fi tì ọ́ sókè. Àtẹ̀gùn á nira, eré sísá á nira. Dídá a padà kò sì rọrùn."

Ìyá Àgbà fa aṣọ rẹ̀. "Má jẹ́ kí wọ́n gé e. Bí gìgísẹ̀ rẹ bá balẹ̀, orí ta ló máa balẹ̀ lé? Jẹ́ kó bá ọ rìn díẹ̀, ọmọ mi."

"Èmi tí mo wà láyé ńkọ́? Ẹ ò ṣàánú tèmi?"

"Ìwọ ti ń rìn láti kékeré. Kí lo tún ń wá?"

"Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, Ìyá Àgbà."

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n fi abẹ́rẹ́ pa ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ kú kó má bàa mọ ìrora, ojú rẹ̀ sì là sílẹ̀. Nígbà tí abẹ wọ iṣan, kò dùn ún rárá. Àmọ́ ọmọ kan ké lábẹ́ ibùsùn.

"Ta ló gbé ọmọ wọlé?"

"Ọmọ wo?" ni Dókítà Miao wí, kò gbójú sókè.

Gìgísẹ̀ balẹ̀ pẹlẹbẹ. Nígbà tí òtútù tán, tí òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, wọ́n tú irin kúrò. Suwen ga, ẹ bá mi yọ̀! Ṣùgbọ́n ńṣe ló ń fọwọ́ fa ara rẹ̀ gun àtẹ̀gùn bí arúgbó, Ìyá Àgbà kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Kò sí nǹkan tútù kankan lábẹ́ rẹ̀. Nígbà míì, á tilẹ̀ máa wá a.

Ó padà sí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú. Orí rẹ̀ kọjá ìlà. Obìnrin tó ń yẹ̀ wọ́n wò rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa. Na ọwọ́ sókè báyìí, dìde lórí ìka ẹsẹ̀, kó o fọwọ́ kan àmì yẹn. Ibẹ̀ ni wàá máa gbé ẹrù èrò sí."

Suwen gbìyànjú. Iṣan náà kò dáhùn. Àwọn ọmọbìnrin tó tò sẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín abẹ́nú. "Ẹ wo gíga lásán!"

"Ṣé o ò lè ṣe é ni?"

Suwen wo ilẹ̀. Ètè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wá."

Òtútù yọ́ wọ abẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ó ga sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìka ọwọ́ rẹ̀ kan àmì.

"O ṣe dáadáa! O ti yege. Ó tó, sọ̀kalẹ̀."

Suwen fẹ́ sọ̀kalẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ kò gbà.

"Mo ní ó tó, àbúrò. Sọ̀kalẹ̀."

Ẹsẹ̀ ọ̀tún gbéra, ó ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Tòsì tẹ̀ lé e. Suwen kọ́ ló gbé wọn.