Òrùka Tí Wọ́n So Mọ́ Ìbòjú

Inú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Woolwich, ní London, ni mo ti pàdé Irfan. Òyìnbó kan ló ń pariwo mọ́ mi pé kí n ṣí híjáàbù mi, pé àwọn ọkùnrin wa ti sọ wá di ẹrú. Kí n tó yanu, Irfan ti dìde sí i.

Nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀, mo kojú ẹ̀. "Ta ló bẹ̀ ẹ́? Èmi náà lẹ́nu."

Ó rẹ́rìn-ín. "Sorry. Next time, màá jókòó."

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Mummy mi kórìíra híjáàbù náà. Wọ́n sé ìyá Mummy mọ́ ẹ̀há n'Íbàdàn títí dọjọ́ ikú.

"Mujeebat, nọ́ọ̀sì ni ẹ́! Kí lo ń bo orí sí?"

"Mummy, wọ́n fipá bo Grandma ni. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi wé tèmi."

Ìyá Irfan, Alhaja Kafilat, ẹlẹ́hàá ni wọ́n. Ní tiwọn, híjáàbù mi kéré, àfi kí n bo ojú. Orí kan ṣoṣo, ìyá méjì ń fà á! Mo sọ fún Irfan pé mi ò ní bo ojú láé.

"Mo ti gbọ́, olólùfẹ́ mi. Màá bá Mummy mi sọ̀rọ̀."

Ọjọ́ ìdána dé, ní pálọ̀ wa ní Abbey Wood. Alága ní kí n mú ohun tó wù mí jù nínú ẹrù ìyàwó. Ta ni ò mọ̀ pé Àlùkùránì ni ìyàwó ń mú, torí ara rẹ̀ ni wọ́n ń so òrùka mọ́? Mo mú un. Kò sí òrùka.

Alhaja nawọ́ sí ìbòjú dúdú kan. Òrùka wà lára rẹ̀.

"Èyí ni kó o mú, ìyàwó wa. Irfan ní o ti gbà."

Inú bí mi gan-an. Mummy mi ti ń lọ ṣí ilẹ̀kùn kí ẹbí Irfan máa bá tiwọn lọ.

"Irfan," mo ní, "nínú bọ́ọ̀sì, mi ò bẹ̀ ẹ́. Lónìí, mo bẹ̀ ẹ́, sọ̀rọ̀. Ìyá ẹ nìyẹn."

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá rẹ̀. "Mummy, irọ́ ni mo pa. Kò gbà rí. Ẹ̀rù yín ló bà mí. Bó ṣe wà yìí ni mo ṣe fẹ́ ẹ."

A ò rí ojú Alhaja, a ò mọ ohun tí wọ́n ń rò. Nígbà tó yá, wọ́n fa ìbòjú náà sọ́dọ̀, wọ́n tú òrùka, wọ́n nà án sí ọmọ wọn.

"Kò sẹ́ni tó fipá bo èmi náà," wọ́n ní.

Irfan fi òrùka sí mi lọ́wọ́. Mo sunkún.

Mummy mi rọra sọ sí mi létí. "Ó dáa náà. Ṣé wàá wá ṣí híjáàbù yìí báyìí?"

"Rárá, Mummy."