Ojú Ewé Kẹtàdínlógún

"Suyun, lọ já àlùbọ́sà wá!"

Bí Bàbá Àgbà Geng bá ti sọ bẹ́ẹ̀, Suyun mọ̀ pé wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn àgbàlá mọ́ òun síta nìyẹn. Àlùbọ́sà ò tilẹ̀ tán nílé. Àárọ̀ ni bàbá náà máa ń kọ́ Zhigang, ọmọ àbúrò bàbá Suyun, ní taiji, ìjà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tí gbogbo abúlé wọn fi ń yangàn. Zhigang fi ọdún kan kéré sí Suyun, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni.

"Bàbá Àgbà, ẹ kọ́ èmi náà. Zhigang ń sùn lórí ìdúró, ẹ ò rí i ni?"

Lóòótọ́, kò rí i. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ó kàn máa ń ní kí Zhigang ṣí ìwé ìjà ìdílé wọn, kó máa ṣe ohun tó wà níbẹ̀.

"Ọmọ obìnrin ń lọ sílé ọkọ," ni bàbá náà wí. "Bí mo bá kọ́ ọ, ìjà ìdílé Geng ti di tilé onílé nìyẹn. Lọ já àlùbọ́sà."

"Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí! Ọkọ wo?"

Gbàmù! Ilẹ̀kùn ti pa dé.

Suyun ò sunkún o. Olóríkunkun lọmọ yẹn. Ìwé tí wọ́n ń wí yìí wà nínú àpótí igi lábẹ́ pẹpẹ àwọn baba ńlá wọn. Bàbá tó bí Bàbá Àgbà ló fi búrọ́ọ̀ṣì kọ ọ́, tó ya àwòrán ìdúró kọ̀ọ̀kan sí i, ojú ewé méjìlélógójì. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, bí Bàbá Àgbà ti ń hanrun lórí àga, Suyun ṣí àpótí, ó fi fóònù ya ìwé náà látòkè délẹ̀. Kò mọ síbẹ̀. Ó fi í ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin mẹ́jọ ní kíláàsì rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé: "Ìwé Ẹ̀kọ́ Àwọn Tí Wọ́n Rán Lọ Já Àlùbọ́sà."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ. Láràárọ̀, lẹ́yìn ọgbà ilé ìwé, wọ́n á tò, wọ́n á tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n ní àwọn máa lọ síbi ìdíje taiji àwọn ilé ìwé nínú oṣù kẹwàá, ẹni tí inú bá ń bí kó lọ forí sọgi.

Ruixue, ọ̀rẹ́ Suyun tímọ́tímọ́, ló já fáfá jù. Ojú ewé kẹtàdínlógún sọ pé kí orúnkún kọ́kọ́ yí sínú kí ìbàdí tó tẹ̀ lé e. Ruixue ń ṣe é nígbà ọgọ́rùn-ún lójúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, orúnkún rẹ̀ wú bí búrẹ́dì tí ìyá rẹ̀ máa ń fi ooru sè. Dókítà ní kó má ṣe fi ẹsẹ̀ yẹn ṣe nǹkan kan fún oṣù mẹ́ta. Ìdíje ti bọ́ nìyẹn.

"Ta ló kọ́ ẹ nírú eléyìí?" ni ìyá rẹ̀ ń bi í.

Ruixue kọ̀, kò dárúkọ Suyun.

Nígbà tí Zhigang gbọ́, ó fa Suyun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Pa á rẹ́ nínú fóònù yẹn. Ta ló máa mọ̀? Bí Bàbá Àgbà bá gbọ́, wàá sun ìta."

Ọkàn Suyun fà sí i, ká má purọ́. Ó ti gbé ìka lé e. Ṣùgbọ́n ó rántí Ruixue tó di ẹnu rẹ̀ nítorí òun, ojú tì í. Ó ki fóònù bọ àpò, ó kọjú sí àgbàlá, níbi tí Bàbá Àgbà ti ń bó èèpo àgbàdo.

"Bàbá Àgbà, mo jí ìwé yín yà. Ruixue sì ti fi orúnkún jìyà rẹ̀."

Bàbá náà dìde fùú. "Ìwọ! Olè! Nínú ilé mi!" Àgbàdo ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. "Ojú ewé wo?"

"Ìkẹtàdínlógún. Kí orúnkún yí ṣáájú ìbàdí."

Bàbá Àgbà padà jókòó. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Irọ́ ni. Bàbá mi ló mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ìjà máa ń fi irọ́ kan sínú ìwé wọn, kí ẹni tó bá jí i lè ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ìbàdí ló ń ṣáájú. Ibi tí ìka ẹsẹ̀ bá kọjú sí ni orúnkún ń kọjú sí. Ẹnu la fi ń sọ ìyẹn sí ọmọ ẹni létí."

"Ẹ ti sọ ọ́ fún Zhigang?"

"Mo ti sọ..."

Zhigang, tó fara ti ilẹ̀kùn, rọra ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Oògùn wà ní lílẹ̀ mọ́ orúnkún rẹ̀. "Ẹ ò sọ ọ́ fún mi rí, Bàbá Àgbà. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tó ti ń dùn mí. Mo rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe mí ni."

Bàbá náà wolẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe Suyun, síbẹ̀ kò dẹwọ́.

"Mo jalè, mi ò sẹ́. Mo máa lọ sọ fún ìyá Ruixue pé èmi ni. Ṣùgbọ́n etí kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ sọ òótọ́ sí, ẹ gbàgbé. Ìgbà tí ẹ ò bá sí mọ́, irọ́ nìkan ló máa kù fún ìdílé Geng. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Òní ló bá a o. Ẹ jẹ́ n tún un kọ."

"Ẹnu ẹ mú bí abẹ."

"Ẹ̀yin ni mo jọ."

Bàbá náà ṣa àgbàdo tó bọ́ sílẹ̀. "Gbé àpótí wá. Mú búrọ́ọ̀ṣì dání."

Yíǹkì pupa ni Suyun fi kọ ọ́: "Ìbàdí ló ń ṣáájú." Ó wá fi orúkọ sí i: "Geng Suyun, ọmọbìnrin."

Bàbá Àgbà gbé ìwé súnmọ́ ojú. "Ta ní kí o kọ 'ọmọbìnrin' sí i?"

"Èmi ni."

Kò ní kó pa á rẹ́.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Suyun ti fi ojú ewé tuntun ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó sì jẹ́wọ́ fún wọn. Ìyá Ruixue bú u bí ẹni ń bú ewúrẹ́ tó jẹ iṣu. Ó dúró gbọin, ó gbọ́ ọ tán. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń gbé àpò Ruixue lọ sílé ìwé. Nítorí ẹsẹ̀ Ruixue, wọn ò rí ìdíje ọdún yẹn lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ o: ẹni tó jí ìmọ̀ kó, ara ẹlòmíràn ló lè fi jìyà rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà náà, ìmọ̀ tí ẹ bá tì mọ́lé, ọmọ yín ni yóò ṣe léṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Àgbà tún ké: "Àlùbọ́sà!"

"Kì í ṣe èmi," ni Suyun wí. Ó ti wà láàárín àgbàlá, ó ti ya ẹsẹ̀.

Bàbá náà mí kanlẹ̀. "Zhigang, rọra lọ já a wá. Má sì ti ilẹ̀kùn yẹn."