Ọwọ́ Tó Gbá Onígbàjámọ̀ Léjìká

Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni, ẹ ò jẹ̀bi. Èmi náà kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé, láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn ni wọ́n sì ti ń bára wọn jiyàn. Bí ọkọ bá ní òjò ń rọ̀, ìyàwó á ní ìrì lásán ni. Lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní etíkun lọ́jọ́ náà nìkan ni ẹnu wọn ti kò. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà á gbọ́.

Onígbàjámọ̀ ni ọkọ. Aránṣọ ni ìyàwó. Erékùṣù ni wọ́n ń gbé, níbi tí ọ̀nà kan ṣoṣo ti bá òkun yí gbogbo ilẹ̀ náà po. Onígbàjámọ̀ ní alùpùpù pupa kan tó fẹ́ràn bí ojú. Àmọ́ eré rẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Nígbà kan, ó gbàgbé ìyàwó rẹ̀ sílé ẹ̀gbọ́n obìnrin náà. Ó ń bá ẹ̀yìn òfìfo sọ̀rọ̀ bọ̀ títí ó fi délé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Rọra sọ̀ o, kí aṣọ rẹ má lọ há." Àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

Ọjọ́ náà ni aránṣọ ṣòfin. Bí òun bá ti jókòó dáadáa, òun á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ọkọ òun léjìká òsì lẹ́ẹ̀mejì. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí táyà má yí.

"Tí o bá tún fi mí sílẹ̀ níbì kan," ó wí, "máṣíìnì yìí ti di ti àbúrò mi."

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, apẹja, gbọ́. Kíá ló ti lọ gé tapólì tí yóò máa fi bò ó.

Ohun tó wà lọ́kàn onígbàjámọ̀ nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n jáde láti yí erékùṣù náà po, kí wọ́n ṣáà gbatẹ́gùn. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, wọ́n yà lọ́dọ̀ alágbọn kan níbi kọ́nà. Wọ́n mu omi àgbọn. Onígbàjámọ̀ padà sórí alùpùpù, ó ń nu jígí rẹ̀. Oòrùn mú. Ewé ò mì. Òkun pàápàá dákẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́tí.

Ẹ̀yìn alùpùpù wọlẹ̀ díẹ̀, bó ṣe máa ń wọlẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ bá jókòó. Àtẹ́lẹwọ́ kan gbá a léjìká òsì.

Pẹ́. Pẹ́.

Ó gbéra.

"Omi àgbọn yẹn mà dùn o."

"Ẹn."

Ó ki eré mọ́lẹ̀, ó ń retí kí ìyàwó rẹ̀ kígbe pé, "Ṣé ọ̀run lò ń lọ ni?" bó ṣe máa ń kígbe ní gbogbo kọ́nà. Kò kígbe. Inú onígbàjámọ̀ dùn. Ó sọ̀rọ̀ gbogbo oníbàárà tó ní, òkú àti alààyè. "Ẹn." Ó ní lọ́jọ́ tí àwọn kọ́kọ́ pàdé, òun kọ́ ni òun pẹ́ dé, ìyàwó ló tètè dé. "Ẹn." Ó ní nínú gbogbo erékùṣù yìí, kò sí ẹni tó mọ máṣíìnì gùn tó òun.

"Ẹn."

Ibẹ̀ ni ara rẹ̀ ti bu máṣọ. Ìyàwó rẹ̀ ò lè gba ọ̀rọ̀ yẹn láéláé.

Ó wá kíyè sí ọwọ́ tó dì í níkùn mú. Ó tutù bí òkúta inú omi. Ó wo jígí. Ọ̀nà nìkan ló rí.

Bó bá dúró, yóò ní láti bojú wẹ̀yìn. Bó bá yí padà sọ́dọ̀ alágbọn, á jẹ́ pé ó ti fi ìyàwó sílẹ̀ nìyẹn, máṣíìnì ti lọ. Kí n má parọ́, ẹ̀rù àbúrò ìyàwó fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á ju ẹ̀rù ẹni tó wà lẹ́yìn lọ. Ó ń gùn ún lọ. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Báyìí ló ṣe dé ìdí ilé gogoro tí iná rẹ̀ ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà. Ìyàwó rẹ̀ jókòó lórí ògiri kúkúrú kan níbẹ̀, ó ń gbọn iyanrìn kúrò nínú bàtà.

"Ṣé o ti rí epo rà?" ó bi í.

Ẹ̀yìn alùpùpù gbé sókè díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá sọ̀ kalẹ̀. Onígbàjámọ̀ bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan. Omi ń kán lára àga.

"Epo wo? Ta ló gbé ọ débí?"

"Baba, má bá mi ṣeré. Ta ni ì bá tún gbé mi? O já mi sílẹ̀ níbí, o nawọ́ sọ́nà, mo ní epo lo fẹ́ lọ rà. O rọra gùn ún. O ò sọ̀rọ̀ kankan. Mo ní, Olúwa ṣeun, orí ọkọ mi ti pé."

"Ìwọ náà ò bá mi jà ní kọ́nà kankan. Mo ní ìyàwó mi ti ní sùúrù."

Wọ́n wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́wọ́ pé òun gbádùn ìrìn náà.

"O tiẹ̀ gẹrun," ni aránṣọ wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ẹ̀yìn ọrùn rẹ mọ́ tónítóní. Mo ń bi ọ́ pé ta ló bá ọ gẹ̀ ẹ́, o ò dáhùn."

Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Onígbàjámọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn ara rẹ̀. Irun kún ibẹ̀ bí igbó. Ó yíjú padà kí ìyàwó rẹ̀ lè rí i. Ìyàwó rí i. Ó wọ bàtà rẹ̀ tiyanrìn-tiyanrìn.

"Gbé mi lọ sílé."

Ó jókòó.

Pẹ́. Pẹ́.

Ọkọ ṣì ń ṣáná.

Pẹ́. Pẹ́.

"Mo ti gbọ́ tàkọ́kọ́," ó wí.

"Tàkọ́kọ́ nìkan ni tèmi." Ohùn obìnrin náà wá kéré. "Baba, sún síwájú díẹ̀. Ẹ̀yìn níbí há."

Ó sún. Ó gbéra. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí nǹkan tútù, tó tín-ín-rín, fi kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí etí òsì, ó ń bọ̀ sí ọ̀tún, kò kánjú. Onígbàjámọ̀ mọ ohun náà. Òun ló ń fún un lóúnjẹ. Ó sì mọ ohun tó máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó sórí àga rẹ̀: bí abẹ bá wà lọ́rùn ẹni, ẹni ọ̀hún kì í mira. Kò mira. Kò sáré. Kò sọ̀rọ̀. Ìgbín ì bá yà á sílẹ̀ lọ́nà. Ní gbogbo kọ́nà, aránṣọ pẹ̀lú ò fọhùn.

Àbúrò apẹja ti wà lẹ́nu ọ̀nà, tapólì lábẹ́ apá.

"Ẹ kú ìrìn o! Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó fi yín sílẹ̀?"

Aránṣọ sọ̀ kalẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn ọrùn ọkọ rẹ̀. Ó ń dán. Etí irun náà gún gẹ́gẹ́ bí ìlà ṣọ́ọ̀kì lórí aṣọ tuntun.

"Rárá," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ó gbé mi délé."

"Ṣé òun fúnra rẹ̀?"

Onígbàjámọ̀ ti dúró sápá kan. Alùpùpù nìkan ló wà láàárín wọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ rọra wọlẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó tó fara balẹ̀.

Apẹja wò ó títí. Ó wá ká tapólì rẹ̀, ó tún un ká, ó fi há abíyá.

"Ẹ máa lò ó," ó wí. "Èmi ti ní ọkọ̀ ojú omi."

Ẹ̀yìn alùpùpù náà kò tíì gbé sókè di òní. Irun ò sì tíì hù lẹ́yìn ọrùn onígbàjámọ̀.