Igo Oyin Ìyá Àgbà

Igo ló kọ́kọ́ mú Ọlágòkè àti Àwáwù mọ ara wọn. Ká ní wọ́n ti mọ ohun tó kù nínú rẹ̀ ni, bóyá kálukú ìbá ti bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1978, yunifásítì kan ní ilé ìwádìí kékeré kan sẹ́yìn ìlú Ṣakí, lójú ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ. Oògùn tí kò ní jẹ́ kí kòkòrò ba ọkà bàbà jẹ́ nínú àká ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Ọlágòkè, ọmọ Ọdẹ́bọ̀dé ọdẹ, ló ń fọ igo fún wọn. Ó ga, ó máa ń tijú, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ bí ọwọ́ ìyàwó ọ̀ṣìngín, nítorí inú omi ọṣẹ ni ọwọ́ náà ń gbé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan gbé agbọ̀n dúró lẹ́yìn fèrèsé.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bùrọ̀dá. Wọ́n ní ẹ̀ ń da igo nù níbí.”

“A kì í dà á nù. À ń fọ̀ ọ́ tún lò ni. Èyí tó bá pọ̀ jù la fi ń ta èèyàn lọ́rẹ.”

“Èmi náà, ṣebí èèyàn ni mí.”

Ọlágòkè ti ń rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀. Àwáwù lorúkọ ọmọbìnrin náà, Àbẹ̀ní loríkì rẹ̀, ọmọ Ràmọ́nì àgbẹ̀. Kẹrosíìnì ló ń tà, kò sì sí igo tó dà bíi ti ilé ìwádìí fún un, torí ó nípọn, kì í sì í jò. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Alámìísì ni Àwáwù ń wá gba igo. Nígbà tó yá, igo kò tó nǹkan mọ́, ṣùgbọ́n Àwáwù kò yéé wá.

“Ẹ̀ ń fọ igo bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun,” ó sọ fún un lọ́jọ́ kan.

“Ẹ̀ẹ̀mẹta ni òfin, Àbẹ̀ní mi. Lẹ́yìn omi kẹta, ó ti mọ́ nìyẹn.”

Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì gbà á gbọ́. Omi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ń dà wọ́n sí gọ́tà tó lọ sí odò ìsàlẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tí ọ̀pọ̀lọ́ kò ké ní odò náà mọ́, kò sì sí ẹni tó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó fà á. Èèyàn kì í ka ariwo ọ̀pọ̀lọ́ sí títí ọjọ́ tí kò fi ní sí mọ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wọn dé etí Ràmọ́nì, ó fárígá.

“Ọmọ ọdẹ tó ń bọ Ògún? Kí ni n ó wí fún àwọn ará mọ́ṣáláṣí?”

Ìyá tó bí Ràmọ́nì, Àdìjátù, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ló dá a lóhùn láti orí ẹní. “Ràmọ́nì, àwọn tí ẹ jọ ń kírun tí wọ́n ń lu ìyàwó ńkọ́? Ọmọ yìí mọ èèyàn. Fi Àwáwù fún un.”

Ìyá Àgbà fẹ́ràn Ọlágòkè, kò sì fi pa mọ́. Ọmọ náà ti bu oyin ìgàn wá fún un láti inú igbó bàbá rẹ̀. Kò sì fẹ́ fi ohun yẹpẹrẹ gbé oyin fún ìyá àgbà ẹni tó fẹ́ràn. Igo tó dára jù nílé ìwádìí ló fi gbé e, igo pupa rúsúrúsú tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ gíláàsì. Ó ní àmì ọ̀dà pupa nídìí, èyí tó túmọ̀ sí pé oògùn líle ló ti wà nínú rẹ̀ rí. Ọlágòkè mọ̀. Ó ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Láràárọ̀ ni Ìyá Àgbà ń da ṣíbí kan sínú ògì rẹ̀, bí oyin bá sì tán, Ọlágòkè a tún bu òmíràn kún igo náà.

Nígbẹ̀yìn Ràmọ́nì gbà. Wọ́n dá ọjọ́ yìgì sí ẹ̀yìn ààwẹ̀.

Kí ààwẹ̀ tó wọlé ni ọwọ́ Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn ará ilé ní àgbà ló dé. Ọlágòkè jókòó tì í láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń gbọ́ bí ṣíbí ṣe ń kan etí abọ́ ògì: kó-kó-kó. Ó ti rí irú gbígbọ̀n bẹ́ẹ̀ rí. Bí adìyẹ ilé ìwádìí tó jẹ ọkà olóògùn ṣe máa ń gbọ̀n nìyẹn, ọjọ́ mélòó kan kó tó ṣubú.

Ó gbé igo náà, ó wo ìdí rẹ̀. Ìgbà náà ló tó yé e. Omi mẹ́ta tó fún igo tí oògùn yóò tún padà sínú rẹ̀. Ẹni tó ṣe òfin náà kò ro ti ẹnu èèyàn mọ́ ọn.

Ó fi igo náà sábẹ́ agbádá, ó gbé e lọ. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọjọ́ kẹjọ, Ìyá Àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ahọ́n rẹ̀ sì ti wúwo.

“Ọkọ mi, má jẹ́ kí oyin tán o.”

Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn.

Láti ìgbà náà, Ọlágòkè kò ní àlàáfíà níbi iṣẹ́. Bí igo méjì bá ti kan ara wọn, ṣíbí Ìyá Àgbà ló ń gbọ́. Bó bá bojú wo àgbá omi, á dà bíi pé ẹnìkan dúró sẹ́yìn òun, ó ń retí ògì rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ìtìjú sì ju ẹ̀rù lọ. Ó lọ bá Dókítà Mọ́ládé, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wọn, ó jẹ́wọ́ fún un. Obìnrin náà jókòó láìrí ìjókòó, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló bá ara rẹ̀.

“Èmi ni mo kọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn,” ó ní.

“Mà, à ń wá bí ọkà ṣe máa pẹ́. Ta ni yóò kù tí yóò jẹ ẹ́?”

Àwọn méjèèjì ló yí ilé náà padà. Wọ́n dí gọ́tà tó lọ sí odò. Wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, kí oòrùn máa fa omi ìfọgo gbẹ níbẹ̀, kí wọ́n sì kó èérí tó kù pa mọ́. Ìdánwò tí wọ́n ń fi abọ́ oògùn kan ṣe tẹ́lẹ̀, ṣíbí kan ni wọ́n ń fi ṣe é báyìí. Igo kankan kò gbọdọ̀ jáde mọ́. Ọlágòkè ń ti ojúlé dé ojúlé, ó ń yẹ ìdí igo wò, àwọn èèyàn sì ń pè é ní Ọkọ Igo.

Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́ Ìyá Àgbà, ó pe Àwáwù sábẹ́ igi èmi, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó lè dákẹ́, kò sí ẹni tí ì bá mọ̀. Ṣùgbọ́n kò lè gbé obìnrin níyàwó kó sì máa gbọ́ ṣíbí ìyá àgbà rẹ̀ lóun nìkan.

Àwáwù kò sunkún. Ó wo ọwọ́ Ọlágòkè títí.

“Ẹ kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mo dárí jì yín nítorí Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n n kò lè jẹun láti ọwọ́ yín. Obìnrin tí kò lè jẹun láti ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ìyàwó kọ́ nìyẹn.”

Ràmọ́nì ní tirẹ̀ sọ pé kádàrá ni, ṣùgbọ́n kí ọmọ ọdẹ má tún tẹ ilé òun. Àwáwù kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ó ń ta òwú fún àwọn ahunṣọ. Ọkùnrin méjì wá fẹ́ ẹ níbẹ̀. Ó kọ àwọn méjèèjì.

Ọdún márùn-ún kọjá. Àwáwù wá sílé kí bàbá rẹ̀, ó sì lọ pọn omi ní odò ìsàlẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Kó tó débẹ̀ ló ti gbọ́ ariwo. Ó dúró. Ọ̀pọ̀lọ́ ni, wọ́n pọ̀ lọ súà.

Ọlágòkè wà létí omi. Láti ọdún márùn-ún náà wá, kò sí àárọ̀ tí kì í wá bu omi náà mu kí àwọn obìnrin tó dé, kó lè jẹ́ pé bí oògùn bá ṣì kù nínú rẹ̀, òun ló máa kọ́kọ́ mú.

“Ẹ kú àárọ̀,” ni Àwáwù wí.

Ó yíjú padà. Àwáwù na igbá sí i. “Ẹ bu omi fún mi mu.”

Ó bù ú. Ìgbà tó fẹ́ gbé e fún un ni igbá ń jó lọ́wọ́ rẹ̀, tí omi ń dà sílẹ̀. Àwáwù wo ọwọ́ náà. Ó ti mọ̀ ọ́n rí.

“Ọwọ́ Ìyá Àgbà nìyí,” ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. “Láti ìgbà wo?”

“Ó ti tó ọdún kan. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ọwọ́ lásán fọ igo wọ̀nyẹn, Àbẹ̀ní. Dókítà ní ó lè má burú jù báyìí lọ. Ó ní ó sì lè burú.”

Àwáwù di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé igbá náà sẹ́nu pẹ̀lú ọwọ́ ẹni tó gbé e fún un, ó sì mu ohun tó kù nínú rẹ̀ tán.

“Kí lẹ jẹ láàárọ̀?”

“N kò tíì jẹun. Ṣíbí kì í dé ẹnu mi kó tó dà nù.”

“Ó dáa. Èmi ni n ó máa fún yín jẹ.”

Ràmọ́nì bi Àwáwù bóyá orí rẹ̀ pé. Ó ní orí òun pé. Ọkùnrin náà ti di arúgbó, kò sì fẹ́ kí ọmọ òun dàgbà sílé. Wọ́n so yìgì lóṣù kẹta.

Nígbà tí wọ́n gbé oyin dé, inú àdó ló wà, kò sí igo nítòsí. Àwáwù bu ṣíbí kan, ó gbé e sẹ́nu ọkọ rẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìfẹ́ ń gùn ún. Àgbọ̀n Ọlágòkè gbọ̀n, eyín rẹ̀ sì kan ṣíbí náà: kó-kó-kó. Àwọn méjèèjì nìkan ló mọ ẹni tó wọlé wá bá wọn. Àwáwù di ṣíbí náà mú títí ó fi dákẹ́, lẹ́yìn náà ó tún bu òmíràn.